Ẹ Kúrò Níbẹ̀

Ẹni tó bá ń ka èyí á rí i pé "ó" ni mò ń pe bàbá mi. Kó má rò pé wọn ò kọ́ mi nílé. Wọ́n kọ́ mi, pankẹ́rẹ́ ni wọ́n tiẹ̀ fi kọ́ mi. Títí dòní, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ bàbá mi láàárín èèyàn, "wọ́n" ni mo máa ń lò bíi gbogbo ọmọ tó nílé. Ṣùgbọ́n níbí, mi ò ní lò ó fún òun tàbí fún àgbà kankan tí mo bá dárúkọ. Èmi àti "wọ́n", èmi àti "ẹ", a ti ń bá ara wa jà láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlélógún, mo sì ti dàgbà báyìí débi pé eékún kì í jẹ́ kí n tètè dìde. Ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó pa á dé, kó lọ sùn.

Oko wa wà ní ọ̀nà Omifunfun, nínú igbó, níbi tí èèyàn ò ti ní gbọ́ ariwo mọ́tò Ore mọ́. Ilé méjì péré ló wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bí mi. Tiwa ni èkíní. Èkejì jẹ́ ti ọkùnrin kan tó wá láti apá òkè lọ́hùn-ún, òun àti ìyàwó rẹ̀ àti àdá kan, tó ń wá ilẹ̀ tí yóò fi dá oko kòkó. Bàbá mi ló fún un nílẹ̀. Bàbá Ilé Kejì là ń pè é, a ò sì pa orúkọ náà dà nígbà tí ilé pé ogójì níbẹ̀.

Ẹgbẹ́ ni òun àti bàbá mi. Bí wọ́n bá pàdé láàárọ̀, ẹni tó kọ́kọ́ rí èkejì á ní, "O ò tíì kú?" Èkejì á ní, "Ìwọ ni mò ń dúró dè." Bàbá mi á fi Ìkálẹ̀ bú u, òun náà á fi èdè òkè bú u padà, wọ́n á jọ máa rẹ́rìn-ín lọ sóko. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣán igbó náà. Lọ́dún tí wọ́n bí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tí ibà dá bàbá mi gúnlẹ̀, Bàbá Ilé Kejì ló pọ̀n ọ́n bí ọmọ ọwọ́ láti inú igbó dé ojú títì, tó sì jókòó tì í nílé ìwòsàn títí ó fi lajú. Mi ò gbọ́ kí ọ̀kan nínú wọn fi "ẹ" bá èkejì sọ̀rọ̀ rí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Ìyá àgbà wa tiẹ̀ máa ń sọ pé láyé tiwọn, "ẹ" kò le tó báyìí nílẹ̀ Ìkálẹ̀, pé ọ̀dọ̀ àwọn ará òkè ló ti le wá bá wa. Nígbà tèmi ná, kò sí àríyànjiyàn mọ́. "Ẹ" ni ti àgbà, "o" ni ti ọmọdé àti ti ẹgbẹ́ ẹni. Ọmọ tí kò bá mọ ìyàtọ̀, wọ́n á fi ìgbátí là á yé e.

Ohun tó ṣe bàbá mi, ìlú ló ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló sọ ọ́ fún wa. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, tó ń ru epo pupa lọ tà ní Odigbo, epo máa ń kán sí i láṣọ, àwọn ọmọ tí kò tó àbúrò rẹ̀ á sì máa pè é pé, "Ìwọ elépo, wá." Ó fẹ́yàwó, ó bímọ méjì, "Ìwọ elépo" náà ni. Ọmọ kan tí irun ò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀ sí i lọ́jọ́ kan lójú ìyàwó rẹ̀. Ó ní kò dun òun. Irọ́ ni. Ó dùn ún wọ egungun.

Nígbà tí owó epo rọ̀bì wá dé, tí ìjọba gé wa kúrò lára ìpínlẹ̀ ńlá tí a di Ìpínlẹ̀ Ondo, gbogbo nǹkan yí padà. Mọ́tò kì í dá ní Ore tọ̀sán-tòru. Mo ti jáde ní ilé ìwé módà nígbà yẹn, mo ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà ní gáréèjì, àwọn dírẹ́bà á máa fi oríṣiríṣi èdè àti Píjìn yọ mí lẹ́nu, èmi náà ò sì gbà fún wọn. Wọ́n ń kọ́lé ní Èkó bí ẹni pé wọ́n ń lé wọn, Èkó sì ń wá igi. Igi wà lọ́dọ̀ wa. Àwọn ará Agbabu ní ọ̀dà tí wọ́n fi ń ṣe títì nínú ilẹ̀, wọ́n ní òyìnbó ń bọ̀ wá wà á, ọ̀dà náà sì wà níbẹ̀ títí dòní. Tiwa wà lókè, ó dúró, kò sí ohun tó ní kí wọ́n má gé e. Àwọn onígẹdú bẹ̀rẹ̀ sí í wọ inú oko wa, wọ́n á gbójú sókè, wọ́n á máa mi orí.

Bàbá mi dolówó. Ó kan páànù tuntun, ó ra lọ́rì fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa fi kó gẹdú lọ sí Èkó. Kò sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bí ilé ṣe ń pọ̀ sí i lóko, àwọn àgbà ìlú sọ pé ó yẹ kí àwa náà ní Baálẹ̀, bàbá mi ò sì rí oorun sùn mọ́. Ó lọ sí Odigbo títí ìsàlẹ̀ bàtà rẹ̀ fi lu. Ó ru iṣu lọ, ó fa ewúrẹ́ lọ. Màámi ní, "Bàbá ọmọ mi, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ó ní, "Mo fẹ́ kí wọ́n fi 'ẹ' bá mi sọ̀rọ̀ kí n tó kú." Bó ṣe sọ ọ́ gan-an nìyẹn, èmi náà wà níbẹ̀. A rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Wọ́n fi í jẹ Baálẹ̀. Bàbá Ilé Kejì ló jó jù lọ́jọ́ náà, ó jó títí ṣòkòtò rẹ̀ fi ya nídìí, ìyàwó rẹ̀ sì fi ìborùn bò ó mọ́lẹ̀.

Láti ọ̀sẹ̀ yẹn ni bàbá mi ti yàtọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bá a sọ̀rọ̀ tí kò fi "ẹ" sí i, kò ní dáhùn. Yóò kàn yíjú, yóò wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, bí ẹni pé ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Ẹni tó bá gbọ́n á yára tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Bàbá Ilé Kejì nìkan ni kò kà á sí. Níta gbangba, ó máa ń gbìyànjú, á dọ̀bálẹ̀, á ní, "Ẹ kú ìjókòó, Baálẹ̀." Ṣùgbọ́n tó bá ku àwọn méjèèjì, á ní, "Ẹ̀yin mélòó ló wà nínú agbádá yẹn? Kí n mọ iye tí mo máa kí." Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bàbá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bẹ́. Àlejò mẹ́ta wà ní ìloro wa, onígẹdú kan láti Èkó àti olóyè méjì láti ìlú. Èmi ni mò ń gbé oúnjẹ fún wọn. Bàbá Ilé Kejì dé láti oko, ẹrẹ̀ dé e lórúnkún, ó fi ewé di iṣu sísun méjì dání. Kò tilẹ̀ wo ẹni tó jókòó. Ó na iṣu sí bàbá mi, ó ní, "Ṣé o ti jẹun? Gbà, ó ṣì gbóná."

Ọ̀kan nínú àwọn olóyè náà gbé ife kúrò lẹ́nu. Ó ní, "Baálẹ̀, ṣé ẹ̀gbọ́n yín nìyí?"

Bàbá mi ní, "Rárá. Ẹni tí mo fún nílẹ̀ ni."

Olóyè náà ní, "Hẹ̀n-ẹ́n. Mo rò pé ẹ̀gbọ́n yín ni." Ó sì gbé ife padà sẹ́nu.

Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò bú ẹnikẹ́ni. Bàbá mi dìde, ó gbá Bàbá Ilé Kejì létí. Fìlà rẹ̀ fò bọ́ sílẹ̀, iṣu bọ́, ewé tú. Mo dúró pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Mo ń retí kí Bàbá Ilé Kejì bú sẹ́rìn-ín, kó ní, "Ọwọ́ rẹ le o," kí ọ̀rọ̀ náà di eré. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ náà, ó fi àyà gbá iṣu, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, Baálẹ̀." Bàbá mi yíjú sí àwọn àlejò rẹ̀, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ igi. Èmi ni mò ń bu omi sí i lọ́wọ́, ó sì fọ ọwọ́ tó fi gbá a náà lẹ́ẹ̀mejì.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sí ilé kejì. Ìyàwó rẹ̀ ti ń di ẹrù. Òun jókòó sórí àpótí, ó ń wo inú oko. Àwọn kòkó tó ń wò yẹn, ẹgbẹ́ mi ni wọ́n. Ọdún tí wọ́n bí mi ló gbìn wọ́n. Mo ní, "Bàbá, ibo lẹ ń lọ?"

Ó ní, "Ilé."

Mo ní, "Kòkó ńkọ́?"

Ó ní, "A kì í di kòkó lẹ́rù." Ojú rẹ̀ pọ́n. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, níbo ló fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀?

Mo kúnlẹ̀. Inú ń bí mi sí bàbá mi, inú ń bí mi sí òun náà tí kò lè kó ẹnu rẹ̀ níjàánu, ẹ̀rù sì ń bà mí pé bó bá lọ, bàbá mi ò ní tún rí ẹni tí yóò bá a sọ òótọ́ mọ́ láyé. Mo ní, "Bàbá, kí ni 'ẹ' jẹ́? Èémí lásán ni. Ẹ máa fi sí gbogbo ọ̀rọ̀ tí ẹ bá ń bá wọn sọ. Níta, nínú ilé, nínú oko. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu yín láé. Bí ejò bá tiẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ wọn, ẹ kọ́kọ́ fi 'ẹ' sí i kí ẹ tó kígbe."

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo ní kí n ṣe é?"

Mo ní, "Èmi ni."

Ó ní, "Ó dáa." Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ kó tú ẹrù. Inú mi dùn. Mo lọ sí gáréèjì lọ́jọ́ náà, mo tajà pẹ̀lú orin lẹ́nu. Mo rò pé mo ti pẹ̀tù sí ọ̀rọ̀ àwọn àgbà. Àgbà kíkorò ni mí báyìí, bí mo bá rí ọmọge tí inú rẹ̀ ń dùn pé òun ti tún nǹkan ṣe, àyà mi máa ń já.

Ó mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ. "Ẹ káàárọ̀, Baálẹ̀." "Ẹ kú iṣẹ́, Baálẹ̀." Bàbá mi á ní, "Hùn." Bó ṣe rí nìyẹn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bàbá mi á wá jókòó sí ìloro níbi tí àwọn méjèèjì máa ń jókòó sí, òun nìkan, pẹ̀lú agbádá. Ó ti sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ó wá ku òun nìkan. Lọ́jọ́ kan tó pa ọ̀yà, ó gé itan rẹ̀, ó ní kí n gbé e lọ sí ilé kejì. Ó ní, "Má sọ pé èmi ni o." Mo ní, "Ẹ gbé e lọ fúnra yín, kí ẹ sì bẹ̀ wọ́n." Ó ní, "Baálẹ̀ kì í lọ bẹ èèyàn." Mo ní, "Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?" Mo gbé ẹran náà lọ. Bàbá Ilé Kejì ṣí ewé, ó wo ẹran, ó ní, "Àdá rẹ̀ nìyí, kò mọ eegun gé." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo délé, mi ò sọ fún bàbá mi pé ó rẹ́rìn-ín. Mo ní lọ́kàn mi pé kó lọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Ọ̀gànwó kan wà ní ìpẹ̀kun oko wa, òun ni igi tó tóbi jù nínú gbogbo agbègbè yẹn. Onígẹdú Èkó ti ń wá a tipẹ́. Bàbá mi ò jẹ́ kí wọ́n gé e tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di Baálẹ̀, ó gbà, ṣùgbọ́n ó ní ojú òun ni wọ́n ti máa gé e, pé igi ńlá kì í ṣubú lẹ́yìn onílẹ̀. Bàbá Ilé Kejì ló mọ orí igi wò jù lọ́dọ̀ wa. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kó máa wo òkè nígbà tí ẹ̀rọ bá ń jẹ ìdí igi, kó lè sọ ibi tó fẹ́ wó sí. Kò sí ẹni tó ń bá a jiyàn. Bó bá ti kígbe, kálukú á sá.

Òwúrọ̀ ni, oòrùn ti yọ dáadáa. Mo ti gbé oúnjẹ àwọn òṣìṣẹ́ dé, mo sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lẹ́bàá ibi tí Bàbá Ilé Kejì dúró sí. Bàbá mi dúró lódìkejì, ó wọ agbádá funfun, ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ gan-an ni àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin wà tí wọ́n ń yí gẹdú kan tí wọ́n ti gé láná. Ibi tí wọ́n dúró sí, kò yẹ kí igi náà wó síbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ìtàkùn kan ti so orí rẹ̀ mọ́ igi mìíràn lókè. Nígbà tí ìdí rẹ̀ ké, tí ẹ̀rọ dákẹ́, ìtàkùn náà fà á, igi náà yí, ó kọjú sí ibi tí bàbá mi wà.

Bàbá Ilé Kejì ló kọ́kọ́ rí i. Ó na ọwọ́, ó kígbe pé, "Ẹ kúrò níbẹ̀! Ẹ kúrò níbẹ̀!"

Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀, mo rí ìka rẹ̀. Bàbá mi ló ń nà án sí, kì í ṣe ẹlòmíràn.

Bàbá mi gbọ́. Kò dití. Ó yíjú pẹ̀lẹ́, ó wo ẹ̀yìn ara rẹ̀, ó rí àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin. Ó fi ọ̀pá nà sí wọn, ó sì bá wọn wí pé, "Ẹ ò gbọ́ ni? Ó ní kí ẹ kúrò níbẹ̀." Àwọn yẹn gbójú sókè, wọ́n ju ọ̀pá ìyígi sílẹ̀, wọ́n sá. Bàbá mi dúró, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń sá, bí ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

"Ìwọ! Ìwọ ni! Sá!"

Ìgbà yẹn ló yí orí padà. Mo rí i pé ó yé e. Igi sì dé.

Mi ò ní sọ bó ṣe rí. Bàbá Ilé Kejì ló kọ́kọ́ débẹ̀, ó ń fi èékánná ya ẹ̀ka igi, ó ń ní, "Dìde. Ṣé o ń gbọ́ mi? Dìde jàre, má ṣe mí báyìí." Ó sọ ọ́ títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ẹ̀gbọ́n mi ti Èkó dé lọ́jọ́ kejì. Ilé ti kún. Kó tó bọ́ sílẹ̀ nínú lọ́rì, wọ́n ti sọ fún un. Àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́rin yẹn sọ ohun tí wọ́n gbọ́, wọn ò purọ́ o. Wọ́n ní Bàbá Ilé Kejì kígbe fún àwọn, Baálẹ̀ fúnra rẹ̀ ló tún un sọ fún àwọn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kígbe fún Baálẹ̀ àfìgbà tó bọ́ sórí. Àwọn èèyàn sì gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbátí. Wọ́n ní ẹni tí wọ́n gbá létí lójú àlejò tí kò sọ̀rọ̀, tó ń kí èèyàn ní "ẹ káàárọ̀" fún oṣù mẹ́ta pẹ̀lú ojú líle, nǹkan wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ tó wá di "ẹ", ọ̀tá ló dà.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí lọ sẹ́yìn kíṣìnnì. Kò tíì sunkún. Ó ní, "Ìwọ wà níbẹ̀. Sọ òótọ́ fún mi. Nígbà tó ní 'Ẹ kúrò níbẹ̀', ṣé bàbá ló ń bá wí ni, àbí àwọn òṣìṣẹ́?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní bàbá ni, yóò bi mí pé kí ló dé tí kò fi pè é ní "o" bó ṣe ń pè é láti ohun tó lé ní ogún ọdún. Màá sì ní láti sọ pé èmi ni mo kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ kó má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Gbogbo èèyàn tó wà ní ìloro yẹn á gbọ́ pé ọmọ tó bí nínú ara rẹ̀ ló fi ọ̀rọ̀ ẹnu pa á. Ojú tì mí. Kí n má parọ́ fún yín, kò sí ohun mìíràn ju ìtìjú lọ. Mo rò pé màá wá ibì kan jókòó, màá ronú, màá sọ ọ́ fún un bó bá di alẹ́.

Mo ní, "Mi ò mọ̀."

Ó ní, "Ó ti tó." Ó kọjá lára mi. Mo rò pé ọ̀dọ̀ Màámi ló ń lọ.

Bàbá Ilé Kejì ń tú kòkó sá sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ èyí fún mi. Ó ní ọkọ òun rí ẹ̀gbọ́n mi tó ń bọ̀ pẹ̀lú àdá, kò sá. Ó ní ó tiẹ̀ dìde kó lè kí i kú ọ̀fọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ṣá a lọ́rùn àti léjìká. Ọmọ yẹn, ẹ̀yìn Bàbá Ilé Kejì ló ti kọ́ ìrìn. Lẹ́yìn tó ṣe é tán, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn dé títì, ó wọ mọ́tò, ó lọ jókòó ní àgọ́ ọlọ́pàá Ore.

Mo wà nínú ọkọ̀ tó gbé Bàbá Ilé Kejì. Orí rẹ̀ wà lórí itan mi, mo fi ìró mi dí ọrùn rẹ̀, ìró náà kò sì gba ẹ̀jẹ̀ náà tán. Ọ̀nà ò dáa, gbogbo kòtò ló ń dùn ún. Mo ń sọ pé, "Bàbá, ẹ má sùn o. Màá sọ fún wọn. Màá sọ gbogbo ẹ̀."

Ó la ojú. Ó ní, "Ṣé ó gbọ́ mi?"

Mo ní, "Wọ́n gbọ́ yín."

Ó wá ní, "Mo fi 'ẹ' sí i o. Bí o ṣe ní kí n ṣe é."

Kò bú mi. Ó kàn fẹ́ kí n mọ̀ pé òun mú ìlérí ṣẹ ni. A ò tíì dé Ore tó fi dákẹ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sí òkè lọ́hùn-ún, àwọn kòkó yẹn sì bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò gbìn wọ́n.

Mo sọ òótọ́ ní kóòtù. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí iṣu dé orí igi, ojú ò tì mí mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró nínú àpótí ẹlẹ́jọ́, ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Kò wo adájọ́. Èmi ló ń wò. Wọn ò pa á, wọ́n tì í mọ́lé. Mo máa ń lọ kí i, kì í jáde wá bá mi. Màámi nìkan ló máa ń jáde sí, títí Màámi fi kú.

Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ti tẹ̀wọ̀n dé. Irun rẹ̀ funfun ju tèmi lọ. Kò ní ìyàwó, kò ní ọmọ, yàrá tó wà lẹ́yìn ilé mi níbí ní Ore ló ń gbé. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Òun ló kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́ gígùn, òun ló máa ń pè mí ní "ìwọ olórí kunkun yìí" tí á sì fi ìka kàn mí níwájú orí. Láti ọjọ́ tó ti wọ ilé mi, kò pè mí ní "o" rí. "Ẹ káàárọ̀." "Ẹ kú ọjà." Àwọn aládùúgbò rò pé ìwà pẹ̀lẹ́ ni, wọ́n máa ń yìn ín fún mi. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Mo ti kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bú mi. Ẹ pè mí ní ìwọ apànìyàn. Ẹ pè mí ní ohunkóhun, kó ṣáà jẹ́ 'ìwọ' ni." Ó fà mí dìde pẹ̀lẹ́, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lórúnkún mi, ó ní kí n má ṣe dààmú ara mi.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gba abọ́ náà. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo padà sí kíṣìnnì, mo fọ ìkòkò tó kù.